Àkọ́yàn Bùrẹ́ímọ̀

Ní ọdún tí ìjọba fòfin de igi gígé ní agbègbè Ìbàfò, kò sẹ́ni tó bi àwọn obìnrin tó ń wi pọ̀nmọ́ léèrè ohun tí wọn yóò máa fi dáná. Òfin náà dùn létí. Wọ́n ní igbó ń tán, wọ́n ní ojú ọjọ́ ń yí padà, wọ́n ní igi ló ń bá wa fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn aṣọ́gbó dúró sójú ọ̀nà Mọ́wé, wọ́n ń gba igi lórí ọkọ̀, wọ́n ń gbà á lẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n ń gbà á lórí arúgbó. Kò pẹ́ tí igi ìdáná fi di àwátì lẹ́yìn ibi ìpẹran Ìbàfò.

Ṣùgbọ́n wọn kò fòfin de màlúù pípa. Awọ ń jáde láràárọ̀, irun wà lára awọ, irun náà sì gbọ́dọ̀ kúrò kí awọ tó di pọ̀nmọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni táyà. Lójoojúmọ́ ni táyà ń bẹ́ lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, àwọn tó ń lẹ táyà sì ń kó òkú wọn jọ sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn wá sí ìdí iṣẹ́. Bí òfin tó fẹ́ gba afẹ́fẹ́ là ṣe dáná sun táyà nìyẹn.

Bùrẹ́ímọ̀ wà lára wọn. Ọmọ Ìwó ni, opó bíríkìlà kan, obìnrin gíga tí apá rẹ̀ kún fún àpá iná. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ìwó. Ìyá Ògúnlàdé ni olórí ẹgbẹ́ wọn, nítorí pé ọmọ onílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pẹ́ nídìí iná tó Bùrẹ́ímọ̀. Ìyẹn ló fún un ní àkọ́yàn.

Ohun ńlá ni àkọ́yàn níbẹ̀. Bí Sàhéèdì alápatà bá ti tẹ́ awọ sílẹ̀ láàárọ̀, ẹni tó pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ yàn, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe ṣáájú ara wọn. Awọ màlúù tó sanra nípọn, ó ń wú dáadáa nínú omi. Awọ màlúù tí ìrìn láti Òkè Ọya ti gbẹ máa ń fẹ́lẹ́, eégbọn á sì ti dá a lu káàkiri. Ẹni tó yàn ṣáájú á tà wálé. Ẹni tó kẹ́yìn á máa bẹ oníbàárà. Bùrẹ́ímọ̀ ti kẹ́yìn rí, kí àwọn ìyá tó ṣáájú rẹ̀ tó padà sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ bó ṣe rí.

Inú ilé kan tó fẹ̀yìn ti ibi ìpẹran ló ń gbé, yàrá rẹ̀ sì kan ti Sitẹ́là. Télọ̀ ni Sitẹ́là, ó ti Èkó kó wá nítorí owó ilé, ó sì gbé ásímà rẹ̀ dání. Ní Èkó, àìsàn náà máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àlejò. Ní Ìbàfò, ó di ayálégbé. Láàárọ̀, àyà rẹ̀ á máa dún bí ẹ̀rọ tí kò rí epo, á di férémù fèrèsé mú, á máa wá èémí. Ó lọ gba àwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ ṣe ìṣọ́ òru. Bùrẹ́ímọ̀ máa ń bá a po ẹ̀kọ gbígbóná kó tó jáde lọ sídìí táyà. Inú rere tòótọ́ ni. Òun kan náà ló ń po ẹ̀kọ, òun ló ń dáná èéfín, kò sì rí ohun tó so méjèèjì pọ̀.

Iléyá dé. Olúkúlùkù ń pa àgbò nílé, ibi ìpẹran sì tì pa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, Bùrẹ́ímọ̀ gbọ́ orin láti yàrá kejì. Ó bu ẹran sínú abọ́, ó kanlẹ̀kùn.

“Sitẹ́là, ohùn ẹ mà là o. Ṣé o gbé áńgẹ́lì mì ni?”

Sitẹ́là kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá Ìwó, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àdúrà wa ló gbà.”

“Kó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ẹran ọdún rèé. Àbí pásítọ̀ ní kó o má jẹ ẹran Iléyá?”

“Pásítọ̀ dà níbí?” Sitẹ́là ti mú egungun kan.

Bó ṣe rí nìyẹn títí ibi ìpẹran fi ṣí. Ní àárọ̀ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin tiná bọ táyà bí ìṣe wọn, afẹ́fẹ́ sì gbé èéfín náà kọjá ògiri. Ẹnìkan sáré wá pe Bùrẹ́ímọ̀ pé Sitẹ́là ti ṣubú sí ẹnu kànga. Ó ju irin iná sílẹ̀, ó sáré. Ó bá a nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ràn, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó gbé e mọ́ àyà bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ.

Sitẹ́là fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ tì í dànù.

Bùrẹ́ímọ̀ rò pé ìrora ni. Ó tún gbé e mọ́ra, Sitẹ́là tún tì í, ó ń yí ojú kúrò níbi aṣọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lé ọ̀kadà, Bùrẹ́ímọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó dì í mú dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kò tíì bèèrè ohunkóhun tó fi fa imú.

“Màmá, ẹ bọ́ síta. Aṣọ yín ń rùn táyà. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?”

Ó bọ́ síta. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé etí ìró rẹ̀ sí imú. Ó tú gèlè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wá rántí Iléyá tí kò sí èéfín, àti orin. Kò sọkún. Kò sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìwé wọn kún àpótí, tí wọn ò lè dúró lábẹ́ igi kan kí wọ́n sọ fún ara wọn pé, èmi ni. Bùrẹ́ímọ̀ sọ ọ́ sókè. “Èmi ni.”

Ó fi táyà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní Ìwó, ó ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná àti abẹ fá irun awọ láìwì í. Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà Mọ́wé, ó ń ṣa ègé pákó tí wọ́n bá dà nù, ó fi ń se omi. Iṣẹ́ náà le. Omi bó o lọ́wọ́, abẹ gé e níka, ẹ̀yìn sì ń ro ó kó tó parí awọ kan. Pọ̀nmọ́ rẹ̀ jáde ní funfun, àwọn ará ọjà sì rí ohun tí wọn yóò máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

“Ìyá Ìwó, ṣé bíbó ni wọ́n bó màlúù yín ni?”

“Èyí tó ń ta sánsán èéfín lèmi ń fẹ́,” oníbàárà mìíràn ní.

“Bó bá jẹ́ èéfín ló wù ọ́ jẹ,” Bùrẹ́ímọ̀ dá a lóhùn, “lọ gbẹ́nu sídìí sàlẹ́ńsà mọ́tò.”

Sitẹ́là padà sílé, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò dákẹ́. Iná ẹnìkan ló kú. Ti àwọn yòókù ń jó.

“Ìyá Ìwó, ẹ ti ṣe tiyín,” Sitẹ́là wí, ó di fèrèsé mú. “Ọlọ́run rí i.”

“Tèmi ò tíì tó,” ni Bùrẹ́ímọ̀ wí.

Láàárín ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ wá ṣe ọ̀sẹ̀ ìtọ́jú afẹ́fẹ́. Wolé-wolé ti wá kìlọ̀ ṣáájú, àwọn obìnrin sì ti fi tapólì bo òkìtì táyà mọ́lẹ̀. Ọ̀gá kan sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù. Títí ó fi sọ̀rọ̀ tán ni ẹ́ńjìnnì jíìpù náà ń ṣiṣẹ́, kí inú ọkọ̀ má baà gbóná dè é. Ó pín fìlà tí wọ́n ya igi sí. Ó ní kí kálukú gbin igi.

Bùrẹ́ímọ̀ kúnlẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Kí la ó máa fi dáná títí igi náà á fi dàgbà?”

“Màmá, a máa gbé ìyẹn yẹ̀ wò.”

Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì, Fàrídà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, fi fìlà rẹ̀ tiná bọ táyà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Sàhéèdì tẹ́ awọ sílẹ̀. “Ìyá Ìwó, ẹ yàn.”

Bùrẹ́ímọ̀ kò bẹ̀rẹ̀. “Ẹni tó bá fi táyà sílẹ̀ lónìí ni kó yàn. Èmi á kẹ́yìn. Bó ṣe máa rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń fá awọ á ṣáájú ẹni tó ń wì í.”

Ìyá Ògúnlàdé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Èétirí, Bùrẹ́ímọ̀? Èèyàn kì í fi àkọ́yàn tọrẹ. Ẹni tó bá kú ló ń fi í sílẹ̀, tàbí ẹni tó ń padà sílé ẹ̀.”

“Ẹ kà mí mọ́ àwọn òkú, ìyá. Ẹ ṣáà jẹ́ n máa wá ra awọ.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Sàhéèdì wo awọ, ó wo Bùrẹ́ímọ̀. “Ẹni tó ni ín ló ní òun fi sílẹ̀,” ó wí. “Ta ló ń yàn?”

Fàrídà jáde. Ojú awọ tó nípọn jù ló ń wò, kò rántí Sitẹ́là rárá. Bùrẹ́ímọ̀ rí i bẹ́ẹ̀. Ó mú un lọ sídìí omi gbígbóná, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn tún tẹ̀ lé e. Lójoojúmọ́, ìyá tó ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn gòkè dé iwájú ń dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń mú awọ tí eégbọn ti dá lu. Oúnjẹ rẹ̀ dín kù. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, Ìyá Ògúnlàdé yíjú padà, ó rí i pé Bùrẹ́ímọ̀ nìkan ló kù lẹ́yìn òun. Ó wo awọ méjì tó ṣẹ́kù. Ó pòṣé.

“Níbo lo ti ń ra abẹ yẹn?”

Ìyá Ògúnlàdé kò fi táyà sílẹ̀ nítorí ẹni tó ń wá èémí. Ó fi í sílẹ̀ nítorí awọ. Kò sẹ́ni tó fi í sílẹ̀ nítorí Sitẹ́là àyàfi ẹnìkan. Ẹni náà mọ̀, kò sì bá wọn jà, nítorí pé ìdí yòówù kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún, bákan náà ló ṣe máa rọ àyà Sitẹ́là lọ́rùn.

Nígbà tó yá, rédíò sọ pé ètò ìjọba ti mú èéfín táyà kúrò ní Ìbàfò. Bùrẹ́ímọ̀ gbọ́ ọ níbi tó ti ń fá awọ. Ó wúkọ́. Ikọ́ tirẹ̀ kò lọ mọ́. Ọdún tó fi mí èéfín náà ti gba ibi tó fẹ́ gbà lára rẹ̀.

Ó dọjọ́ kan tí Sitẹ́là wọ yàrá rẹ̀ wá pẹ̀lú tépù, ó ní òun fẹ́ rán bùbá Iléyá fún un. Ó na ọwọ́ yí i ká láti wọn àyà rẹ̀, orí rẹ̀ sún mọ́ aṣọ. Bùrẹ́ímọ̀ fà sẹ́yìn kíá.

“Ẹ dúró, Ìyá Ìwó. Ẹ ń mira, ẹ ń bà á jẹ́.”

Ó dúró. Sitẹ́là tún na ọwọ́ yí i ká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan bùbá iṣẹ́ rẹ̀, tépù dì í mú lẹ́yìn. Bùrẹ́ímọ̀ mú èémí tirẹ̀ dúró, ó ń fetí sílẹ̀. Èémí Sitẹ́là wọlé, ó jáde, kò dún.