Iṣan Ọwọ́ Ìyá Àgbà

Lánàá, ní Ìyànà Ìbà, òórùn àdí àgbọn kàn mí nímú láti inú ike obìnrin kan tó ń ta ìpara. Mo na ọwọ́ láti gbà á wò, ni mo bá rí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ mi tó yọ síta bí okùn lábẹ́ aṣọ. Ara mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ ìyá tó bí ìyá mi ni.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé ní Ọ̀jọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Àdí àgbọn ni Ìyá Àgbà ń ṣe tà. Páànù tí a fi ìṣó dá ihò sí lára ni wọ́n fi ń rin àgbọn. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á fi ọwọ́ fún un gbẹ, iṣan ọwọ́ wọn á sì dìde. Múfú, ẹ̀gbọ́n mi tó mọ ohun gbogbo àfi ìṣirò, sọ fún mi pé: "Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àtijáde yẹn. Tó bá ti dé èjìká, ó parí nìyẹn."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ṣọ́ èjìká wọn. Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, mo gbé páànù náà, mo jù ú sí ọ̀sà, kí wọ́n má baà rí nǹkan fi rin àgbọn mọ́.

Wọ́n wá a títí. Nígbà tí mo fẹkún jẹ́wọ́, tí mo sọ ohun tí Múfú wí, wọn ò nà mí. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni tí sójà dá dúró. "Wò ó. Iṣan dà?" Iṣan ti wọlé. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó tún yọ. "Ẹ̀jẹ̀ ń bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ ni. Awọ ló fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti lọ, lo fi ń rí ọ̀nà tó ń gbà. Ó yá, lọ yá páànù Ìyá Bọ́lá wá. Ìwọ lo máa rin ín."

Mo rin àgbọn dìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, iṣan tínínrín kan ti yọ. Mo figbe ta. "Yéè, àgbà ti dé!" Ìyá Àgbà ń rẹ́rìn-ín. "Múfú, wá yẹ èjìká ẹ̀ wò!"

Ẹ̀rọ ló ń rin àgbọn báyìí, ilé sì ti gba etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ń wo ara àgbà, ẹ̀rù á bà á, kò ní béèrè. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe jẹun. Àjèjì ni mo ń bi léèrè ọ̀rọ̀ kiri. Ìyá Àgbà sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo jókòó tì wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. N kò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ọwọ́ náà ń dùn wọ́n.