Ìdì Méje láti Makun-Omi

Òórùn ẹja gbígbẹ àti ti omi ọ̀sà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Makun-Omi. Ó ti pẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ òórùn ẹja bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ìrìn ọjọ́ méjì gbáko ni láti Atikori wa. Ọdún kejì tí wọ́n la ọ̀nà ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rìn ín, nítorí ibà tó dá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dùbúlẹ̀. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú yèyé wa. Gbogbo ewé àti egbò tí a mọ̀ la ti sè fún un, ibà náà kò gbọ́.

Ọkùnrin kan wà létí omi níbẹ̀ tó ń ta kuníìnì, oògùn ibà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá láti Èkó. Àgbébọ̀ adìẹ kan ni mo fi gbà á, ìdì méje nínú bébà, funfun bí ẹfun. Ó ní, "Ọ̀kan láràárọ̀. Kó lò ó tán o, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti yá." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ara ẹ̀gbọ́n mi tutù. Ó ní kí n se ìkọ́kọrẹ́ fún òun, ó sì jẹ ẹ́ títí ó fi ń fi ìka nu àwo. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ìdì mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Ìwọ náà mọ bí agboolé wa ti rí: ta ni yóò ki oògùn bọ àpò kí ọmọ aládùúgbò máa gbọ̀n? Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ní, "Pín in, àbúrò mi. Ara mi ti yá." Bàbá àgbà kan gba ọ̀kan, ọmọ méjì gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyàwó ilé kejì gba ìyókù. Ṣé wọ́n ní ọwọ́ afúnni ní í lékè. Ọlọ́wọ́ ire ni gbogbo ilé ń pè mí, ó sì dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Kí oṣù tó lé, ibà ti padà sára gbogbo wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló le jù. Mo tún gba ọ̀nà Makun-Omi, mo mú àgbébọ̀ kan dání. Ọkùnrin yẹn wo adìẹ náà, ó mi orí. "Ti ìjọ́sí nìyẹn, ìyàwó. Ewúrẹ́ ni báyìí." Mo bọ́ ìborùn òfì mi fi kún adìẹ náà, ó sì fún mi ní oògùn. Nígbà tí mo padà dé, àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹnikẹ́ni kò sì kí mi káàbọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ìdì méje pé lọ́wọ́ mi.

Èmi náà ló wá ń ta kuníìnì ní Atikori. Ọdọọdún ló ń wọ́n sí i, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ iye rẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ. Òwú ni mo fi ń so ìdì méje pọ̀, n kì í tú u. Ẹni tó bá ní kí n já méjì fún òun, mo máa ń ní kó lọ kó ẹbí rẹ̀ jọ, kí wọ́n rà á pé fún ẹnì kan. Àwọn kan á bínú lọ, wọn kì í padà wá, oorun kì í sì í kùn mí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ahun ni wọ́n ń pè mí. Mo gbà. Ọlọ́wọ́ ire ni wọ́n ń pè mí lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi kú.