Ìgò Oògùn Àbúrò Mi

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbúrò mi obìnrin ṣubú. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Wásinmi là ń gbé nígbà náà, bàbá wa ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé ìjọ. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, màmá wa mú un wọ rélùwéè lọ sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta. Èmi ò tíì wọ rélùwéè rí. Mo dúró létí ojú irin, mo ń wò ó bó ṣe ń juwọ́ sí mi lójú fèrèsé, inú sì ń bí mi.

Ìgò kékeré kan ni wọ́n mú bọ̀, hóró oògùn funfun wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Dókítà ní kó máa lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kó má fo ọjọ́ kan, kó má sì sún mọ́ odò tàbí iná. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò ṣubú. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kó tòògbé, nítorí náà orí itan màmá wa ló ti ń mu ẹ̀kọ láràárọ̀, pẹ̀lú hóró ṣúgà kan láti fi pa ìkorò oògùn. Èmi ni mo ń pọn omi tèmi àti tirẹ̀. Èmi náà ni mo ń dáná. Àwọn ọmọ ilé ìwé kì í bá a jẹun nínú àwo kan náà, wọ́n ní itọ́ rẹ̀ lè ran àwọn. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo ń jowú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbé ìgò náà kúrò lórí àpótí, mo rì í mọ́ inú àpò ẹ̀wà. Màmá wa tú gbogbo yàrá.

"Ṣé o rí ìgò oògùn àbúrò rẹ?"

"Mi ò rí i, mà."

Bàbá wa ní òun yóò lọ gba òmíràn lọ́jọ́ Ajé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àbúrò mi ké ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì ṣubú lu òkúta. Àìsàn náà mú un, ó fi í sílẹ̀, ó tún mú un. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mo sáré wọlé, mo da ẹ̀wà sílẹ̀, mo gbé ìgò náà wá.

Màmá wa wo ìgò, ó wò mí. Ó dúró ti àbúrò mi títí ó fi lajú tó sì lè gbé oògùn mì. Lẹ́yìn náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹ kì í gbé mi lé itan mọ́."

Mo ń retí ẹgba.

"Ara rẹ le," ló wí. "Mo rò pé ìyẹn tó ọ."

Láti ọjọ́ náà, èmi ló ní kí n máa fún un ní oògùn. Mo ṣe é títí a fi dàgbà, n kò fo ọjọ́ kan. Kò tún ṣubú bíi ti ọjọ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n àpá òkúta kò kúrò níwájú orí rẹ̀. N kò lè purọ́ pé owú náà tán.

Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ ní Itori, mo jókòó ti ọkọ rẹ̀, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "N óò máa fún un."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì jáde síta.