Pákó Tí Àna Yóò Dọ̀bálẹ̀ Lé

Ìrókò ni wọ́n fi tẹ́ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá mi ní Fìdítì. Oko bàbá mi ni igi náà ti wá. Àwọn méjì ló là á, ọ̀kan dúró lórí ìtì, ọ̀kan wà nínú kòtò, ayùn gígùn kan ṣoṣo wà láàárín wọn. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá sí ilé yẹn láti oko ìyá ìyá mi ní Akínmọ̀ọ́rìn, n kò sì tíì wọ ilé ìwé rí. Orí pákó yẹn ni mo jókòó sí tí mo ń ka A, B, D, pẹ̀lú àwọn àbúrò mi tí wọ́n ti ń ka ìwé ńlá. Mo fi ìdí mọ̀ ọ́n kí n tó fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo di tíṣà, tí mo gbé ìyàwó, òkè náà ni a gbé. Ìyàwó mi ló ń tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀. Ní Sátidé, yóò fi pọ́líìṣì kùn ún, yóò so àkísà mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò sì máa wọ́ ẹsẹ̀ kiri títí pákó yóò fi máa dán. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo kó lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn òkè. Atẹ́gùn ká páànù ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, ìgbà òjò méjì sì kọjá kí n tó mọ̀. N kò gòkè ni n kò fi mọ̀.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ì bá wà, bí kò ṣe pé ọmọbìnrin mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, pè mí láti Ìbàdàn.

"Bàbá mi, àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ wá fojú kàn yín. Ará Awẹ́ ni wọ́n."

"Ó dáa."

"Ṣé inú yín dùn?"

"Inú mi dùn."

"Ẹ ò kàn lè sọ ọ́ kí n tó bi yín!"

Nínú ilé wa, òkè ni a ti ń gba àna. Pálọ̀ òkè ni wọ́n ti tọrọ gbogbo àwọn arábìnrin mi, orí pákó yẹn sì ni àwọn ọkọ wọn dọ̀bálẹ̀ sí. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tèmi náà.

Àbúrò bàbá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni àgbà ilé wa báyìí. Ilé ẹ̀yìn ló ń gbé, nínú ọgbà kan náà. Bí mo ṣe sọ fún un, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi gòkè, ó ń sinmi lẹ́yìn àtẹ̀gùn mẹ́ta mẹ́ta. Ó wọ pálọ̀, ó na ọ̀pá sí pákó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó tì í. Ọ̀pá náà wọlé dé ìdajì. Ó fà á yọ, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wò mí.

"Ọkùnrin mélòó ni wọ́n máa kó wá dọ̀bálẹ̀?"

"Bíi mẹ́jọ, bàbá."

"Wọn yóò dọ̀bálẹ̀ lókè, wọn yóò dìde nísàlẹ̀."

"Màá tún un ṣe."

"Ìwọ? Ọmọ ilé ìwé lo mọ̀ ọ́n nà. Igi kì í bẹ̀rù ẹgba."

Ó wá sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Ó ní òkè náà ti dàgbà jù, kí a tú u kúrò, kí a kan páànù sórí ìsàlẹ̀, kí ilé náà di ilé ilẹ̀. Ó ti bá bíríkìlà kan sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí àwọn àna dé. Bí pákó bá gbà wọ́n ró, kí òkè wà. Bí kò bá gbà wọ́n, abẹ́ kánópì ni a ó ti kí wọn, bíríkìlà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó òkè ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e. Òun ni àgbà, ilé ẹbí sì ni ilé náà. Mo ní mo ti gbọ́.

"Ìwọ ò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu rárá," ló wí bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. "N ò mọ̀ bóyá o gbọ́n ni àbí o ya odi."

Ẹ̀rù kò bà mí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ti tóbi ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ, ilé ìlagi ni mo sì máa ń lọ ṣiṣẹ́ bí a bá gba ìsinmi. Mo mọ igi. Ó kéré tán, mo rò bẹ́ẹ̀.

Mo fi irin gígùn kan ṣí pákó pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára wọn, bí a ṣe ń to orúkọ ọmọ sínú ìwé. Mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n, yàtọ̀ sí mẹ́ta tó ti jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹsẹ̀ ti jẹ ojú òkè wọn, pàápàá lẹ́nu ọ̀nà àti níwájú àga bàbá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí èyí àkọ́kọ́ padà, mo rí i pé ojú ìsàlẹ̀ kò jẹ rárá. Ó kàn dúdú ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń dáná láyé ijọ́un, èéfín wọn ló so mọ́ igi. Mo jókòó ti pákó náà, mo ń fọwọ́ rá a. Bí mo bá yí gbogbo wọn padà, ilẹ̀ tuntun ni mo ní, láìra igi kankan.

Èéfín yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò, ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni mo sì ṣe. Nílé wa, ohun tó bá dúdú, fífọ̀ ni: ìkòkò, abọ́, ọmọ. Mo pọn omi, mo bu ọṣẹ dúdú, mo mú kànìnkànìn, mo fọ pákó mẹ́tàdínlógún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo sá wọn sí òòrùn níwájú ilé bí ẹni sá èlùbọ́. Inú mi dùn sí ara mi. Mo lọ jẹun.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti ká. Gbogbo wọn. Ọ̀kan ká débi pé adìyẹ kan ti lọ sá fún òòrùn sábẹ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi bọ́ síta, ó fi ọ̀pá ti ọ̀kan, pákó náà ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́.

"Ọkọ̀ ojú omi lo ń kàn ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà láti wá àgbà káfíńtà kan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kan àwọn àga bàbá mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ti dàgbà jù mí lọ dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó tẹ̀ lé mi wá. Ó wo pákó, ó wo báàfù omi, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Tíṣà! Òkú ni? Kí lo wá ń wẹ̀ ẹ́ fún?"

"Ó dọ̀tí ni, bàbá."

"Ìdọ̀tí kọ́! Èéfín yẹn ni kò jẹ́ kí ikán gun òkè yín. Ìyá rẹ ń se ọbẹ̀, ó ń tọ́jú ilé, kò sì mọ̀."

"Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?"

"Igi kì í bínú títí. Ibi tí òòrùn ti fà á lọ, a ó ní kí òòrùn fà á padà."

Ó ní kí n da ojú tó kó wọnú délẹ̀ lórí koríko tútù, kí òòrùn máa pa ẹ̀yìn tó yọ sókè. Ní ìrọ̀lẹ́, kí n kó wọn sábẹ́ igi ọsàn, kí n to búlọ́ọ̀kù lé wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é, lẹ́yìn tí mo bá ti ilé ìwé dé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́ padà. Méjì là. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù, a kò jẹ́ kí omi kàn wọ́n. Ọ̀bẹ la fi họ èéfín orí wọn kí a tó fi ìfági fá wọn fẹ́rẹ́. Ohun dúdú ká bọ́ sílẹ̀, igi pupa yọ lábẹ́ rẹ̀ bí oyin. Mo kó ìfákù náà síwájú ilé, gbogbo àdúgbò ń bi mí ohun tó ń rùn dídùn bẹ́ẹ̀.

Bí a ti ń retí kí pákó tẹ́, a dojú kọ àwọn àga. Àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀, àti tábìlì kan. Oríkèé wọn ti tú. Èmi fúnra mi ti kan ìṣó mọ́ ọ̀kan nígbà kan, mo rò pé mo tún un ṣe. Káfíńtà fa àwọn ìṣó náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sí mi lọ́wọ́.

"Gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nìyí. Òmíràn rèé. Háà, èyí tiẹ̀ gùn. O bínú lọ́jọ́ yẹn ni?"

Gọ́ọ̀mù àti èèkàn igi tín-ín-rín ló fi dè é, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé apá ọ̀tún àga ńlá, ó gbé ìfági. Ibẹ̀ ti jin díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìka bàbá mi máa ń lù nígbà tí mo bá ń kàwé sí i létí. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ìka yóò dúró.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni mo wí.

"Kò tẹ́jú."

"Mo mọ̀."

Ó wò mí, ó sún mọ́ àga kejì.

Ohun tó kù ni igun fèrèsé, tí a ti kan páànù orí rẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn ìtì tó gbé pákó ró ti jẹrà lórí. A gbé ìtì mìíràn tì í, a fi irin bóòtù de méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n pákó márùn-ún la nílò, mẹ́ta dípò èyí tó jẹrà, méjì dípò èyí tó là, káfíńtà sì ní igi tútù kò lè bá igi gbígbẹ gbé, yóò súnkì lọ́dún tó ń bọ̀, yóò sì la ẹnu. Ìrókò gbígbẹ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé. Bẹ́ẹ̀dì èmi àti ìyàwó mi ni. Mo tú u láàárọ̀ kí káfíńtà tó dé. Nígbà tó rí igi náà nílẹ̀, ó mọ ohun tó jẹ́.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó wọn igi náà lẹ́ẹ̀mejì mejì kó tó fi ayùn kàn án.

A kan èyí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ Ajé, a sì kùn ún ní fánìṣì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi pé kó wá wò ó. Ó ní Sátidé ni òun yóò wò ó.

Ní Sátidé, àwọn ará Awẹ́ gòkè, nǹkan bí èèyàn méjìdínlógún. Mo ń ka ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Àbúrò bàbá mi jókòó lórí àga ńlá, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin mi wà nínú yàrá. Ọkọ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ méje tò síwájú wa, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù fún aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kò tíì dọ̀bálẹ̀," ni àbúrò bàbá mi wí. "Ẹ kàn tẹ̀ ni. Nílé yìí, àyà la fi ń kan pákó."

Wọ́n dìde. Wọ́n ju ara wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbì! Gíláàsì mì lórí tábìlì. Mo ti tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, mo ń gbọ́ igi náà láti ibẹ̀. Kò sí ohun tó dún tí kò yẹ kó dún.

"Ìyẹn ti bàbá tó kọ́lé. Ó ku ti ilé lápapọ̀."

Gbì!

"Èyí tó kẹ́yìn, ti ìyá ọmọ tí kò sí níbí."

N kò mọ̀ pé yóò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n pẹ́ nílẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ìyá kan nínú àwọn ìyàwó ilé Awẹ́ kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ lẹ fẹ́ fún wa ni, àbí ilé lẹ fẹ́ dán wò?"

"Méjèèjì," ni ó wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin mi pẹ̀lú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. A fún wọn lọ́mọ.

Nígbà tí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, àbúrò bàbá mi kò dìde. Ó ní kí a gbé oúnjẹ òun wá sókè. Ó jẹun tán, ó bi mí yàrá tó ń gba atẹ́gùn jù. Mo fi hàn án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ní kí wọ́n lọ gbé ẹní, ìrọ̀rí àti rédíò òun wá láti ilé ẹ̀yìn. Kò sọ pé mo ṣe é dáadáa. Èmi náà kò bi í. Mo kó tèmi gòkè, nítorí a kì í fi àgbà sílẹ̀ lókè ní òun nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bíríkìlà dé pẹ̀lú òòlù ńlá àti ṣọ́bìrì. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un. Mo ń múra ilé ìwé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn àbúrò bàbá mi lójú fèrèsé pálọ̀.

"Kí lo ń wá?"

"Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. Ẹ ní kí n wá wó òkè."

"Òkè wo?"

"Òkè tí ẹ wà yẹn, bàbá."

"Èmi tí mo ń mu ògì lọ́wọ́?"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Bíríkìlà wò mí, ó wo òkè, ó gbé òòlù sílẹ̀. Mo ní kó jókòó, kí wọ́n bu ògì fún òun náà.