Ìyá Ọlọ́dà Fẹsẹ̀ Rìn Tẹ̀lé Odò Dé Òkun

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni obìnrin tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́dà fi ń kun afárá. Afárá mẹ́jọ ló dábùú odò tó la ìlú náà já. Bí wọ́n bá fi máa kun ẹ̀kẹjọ tán, èyí àkọ́kọ́ á ti dípẹtà, wọ́n á tún kẹ́rù padà síbẹ̀. Iṣẹ́ tí kì í tán ni. Kò sí afárá méjì tó ní àwọ̀ kan náà, nítorí náà èékánná rẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà bó ṣe ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, bó ti wù kó fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ tó. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé òun ò nílò kí òun bi màmá òun ní ibi tó ti ń bọ̀, ìka rẹ̀ ti sọ ọ́.

Gíga ni wọ́n ń pe ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọdún kẹsàn-án tí wọ́n jọ ń ṣe é nìyẹn. Ọkùnrin náà ga débi pé bó bá fẹ́ wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ọ̀dà sí, ńṣe ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Òun ló máa ń kun òkè, obìnrin náà á kun ìsàlẹ̀.

"Ìwọ kun ọ̀run, jẹ́ kí n máa kun ayé tèmi," ni Ìyá Ọlọ́dà máa ń wí.

Gíga kò níyàwó, kò bímọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, lẹ́nu ibi tí odò náà ti ń wọ òkun. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n yìí ṣì ń gbé, ó ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn apẹja. Bó bá ti di ọjọ́ Àìkú, kò sí ẹni tó lè rí Gíga nígboro mọ́, ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́líìtì méjì ni àwọn akunfárá méjèèjì ní, èyí tí wọ́n fi ń so ara wọn mọ́ irin kí ẹni tó bá yọ̀ má baà já sómi. Ọ̀kan dáa. Ìkọ́ èkejì ti gbó, bí èèyàn bá yíra padà lójijì, ó lè ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ títí ó fi sú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wọ bàtà funfun wá síbi tí ọ̀dà ti ń kán ni ọ̀gá yìí, èsì kan náà ló sì máa ń fún wọn: "Tuntun ti wà lọ́nà." Ọ̀nà náà mà jìn o! Nígbà tí tuntun ò dé, àwọn méjèèjì fẹnu kò sí i pé ẹni tó bá lo èyí tó dáa lónìí, èyí tí kò dáa ni yóò lò lọ́la.

Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tí odò kún, tó pọ́n bíi tíì, Ìyá Ọlọ́dà tètè dé ibi iṣẹ́. Orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó sùn. Òun ló lo bẹ́líìtì tó dáa lánàá, àmọ́ nígbà tó rí i lórí ìṣó, ó mú un, ó sì dè é mọ́ ìdí.

Gíga wọlé, ó wo èyí tó kù, ó wo ojú rẹ̀. "Orúnkún yẹn tún ni?"

"Òun náà mà ni. Jọ̀ọ́, fi ti òní jì mí."

"Kò burú. Àmọ́ bó bá di ọ̀la, ọjọ́ méjì ni tèmi o." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì so èyí tí kò dáa mọ́ra.

Afárá kejì ni wọ́n wà. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni Gíga na apá kan láti kun abẹ́ irin tó gùn jù, ó wá yíra padà láti ti burọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo. Ìyá Ọlọ́dà gbọ́ tí ìkọ́ ró *ká*. Ohun tó gbọ́ ò ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ ké. Orí rẹ̀ gbá òpó afárá nísàlẹ̀, omi sì gbé e. Ó yọ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò yọ mọ́.

Ọkọ̀ àwọn adóòlà ẹ̀mí dé, wọ́n wá a yípo yípo fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn gòkè wá bá obìnrin náà níbi tó dúró sí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Omi yìí ń sáré jù. Bá ò bá ti rí i níbí, ó ti ń bá omi lọ sísàlẹ̀. A óò máa wá a lọ títí dé òkun."

Ọ̀gá iṣẹ́ ní ọ̀la ni ọ́fíìsì máa tẹ ẹbí rẹ̀ láago, tí wọ́n bá ti kọ ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀ tán. Ìyá Ọlọ́dà wò ó. Ọ̀la kẹ̀? Ṣé kí ẹ̀gbọ́n ẹni jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀la, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa jẹun, kó máa rò pé àbúrò òun wà lórí afárá? Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọjá sí ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sétí òkun dé, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gòkè. Ó ń ṣe é bíi pé bí òun bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, tí òun kẹ́yìn sómi, kò ní sí ojú kankan tó ń wo ọ̀nà fún Gíga mọ́. Dírẹ́bà ní, "Ìyá, ṣé ẹ ń wọlé ni?" Ó mi orí. Ó yà sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tòun ti aṣọ iṣẹ́ tí ọ̀dà ti bà jẹ́.

Omi ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé ńlá ló wà lápá òsì. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ń gbẹ lórí okùn. Ọkùnrin kan sáré kọjá, òógùn bò ó. Obìnrin méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan tó kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan ń nu ojú. Inú bí Ìyá Ọlọ́dà sí wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀ ẹ́. Ojú omi ló ń wò. Gbogbo igi tó ń léfòó ló ń wò.

Lábẹ́ afárá kẹrin, ó rí nǹkan pupa rúsúrúsú kan tó há sí ìdí òpó. Irú àwọ̀ aṣọ iṣẹ́ wọn gan-an ni.  Ó gbàgbé orúnkún, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá irin etí ọ̀nà, ni ẹnì kan bá di apá rẹ̀ mú. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja ni.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn? Kí lẹ ń wá?"

"Èèyàn mi."

Bàbá náà wo aṣọ rẹ̀, ó wo omi, kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó fi ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ fa nǹkan náà súnmọ́ etí odò. Kẹ́ẹ̀gì epo ni, ìdí rẹ̀ ti là. Obìnrin náà dúpẹ́, àmọ́ kò mọ ohun tí òun ń dúpẹ́ fún. Ṣé nítorí pé kì í ṣe Gíga ni? Bàbá ní kó jókòó sinmi díẹ̀. Ó ní òun ò lè jókòó.

Kò tíì rìn jìnnà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ọ̀gá iṣẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ wà? Ẹ ẹ̀ sì sọ fún wa pé ẹ ń lọ. Ẹ gbọ́, nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ ò le. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Pé ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́."

"Kò bọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó lọ ti lọ. Ẹ̀yin ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó dáadáa."

Ó pa á mọ́ ọn létí. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ náà pè, ìró ti tàn dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ń mí gúlegúle. "Màmá, ṣé nǹkan kan ò ṣe yín? Ibo lẹ wà? Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń lọ."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún un?"

Ìyá Ọlọ́dà dúró. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì fún ọmọ rẹ̀, bó ṣe rí gan-an, tó fi kan orúnkún, tó fi kan ìṣó. 

"Màmá, ẹ tẹ́tí sí mi. Ẹ sọ pé ìkọ́ ṣí. Òótọ́ nìyẹn, àbí? Kò sí ẹni tó máa bi yín pé ta ló kàn. Ẹ fi ìyẹn sínú."

Bẹ́ẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń rò láti afárá kẹta nìyẹn. Nínú ọkàn, ó dà bí ọgbọ́n. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó bí, ojú tì í.

Látibẹ̀ lọ, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Ilé gogoro tán, ó ku ilé ìkẹ́rùsí àti ògiri tí páànù rẹ̀ ti ká. Símẹ́ńtì ojú ọ̀nà ti sán, odò sì ń fẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́. Lábẹ́ afárá kẹjọ, ó gbójú sókè. Wọ́n kun ún lọ́dún tó kọjá. Ó rí abẹ́ irin gíga kan tí kò sí àkàbà tó lè débẹ̀, apá Gíga nìkan ló dé ibẹ̀. Ọ̀dà náà ṣì ń dán. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀, ó fi orí ti òpó, ó sunkún débi tí kò fi lè mí dáadáa.

Nígbà tó dé ẹnu òkun, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Kò ṣòro láti mọ ẹni tó ń wá. Obìnrin gíga kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọ̀n tẹ́ lórí orúnkún rẹ̀, abẹ́rẹ́ onígi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kú ìrọ̀lẹ́ o." Obìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ojú rẹ̀ wá dúró lórí ìka rẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ìyá Ọlọ́dà kọ́ rèé? Ó ti ròyìn rẹ fún mi débi pé mo lè ya àwòrán rẹ!" Ó na ọrùn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Àbúrò mi dà? Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni? Òní kì í ṣe Àìkú ná."

Ìyá Ọlọ́dà kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó já sómi láàárọ̀ yìí. Wọn ò tíì rí i."

 Obìnrin náà so kókó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí, ó fà á le. "Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Orí rẹ̀ gbá òpó, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ máa ń de nǹkan mọ́ra. Ó sọ fún mi. Bẹ́líìtì ńkọ́?"

"Ìkọ́ rẹ̀ ló ṣí."

Ó lè dákẹ́ síbẹ̀. Obìnrin náà ò bi í ní nǹkan míì. Àmọ́ ẹnu Ìyá Ọlọ́dà ṣì ń lọ. "Méjì ni bẹ́líìtì wa. Ọ̀kan ò dáa. A jọ ń fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Òun ló kàn lónìí láti lo èyí tó dáa. Orúnkún ń dùn mí, mo mú un."

"Òun ló kàn?"

"Òun ló kàn."

Ẹ̀gbọ́n Gíga ká àwọ̀n kúrò lórí orúnkún rẹ̀. "Dìde," ló wí. "Kúrò níwájú mi."

Ìyá Ọlọ́dà dìde, ó yí padà. Kò tíì rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí ohùn náà fi tún pè é. "Kí ni wọ́n fi gbé ọ wá?"

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Mò ń wo omi bọ̀."

Obìnrin náà nawọ́ sí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Jókòó síbẹ̀ yẹn. Má bá mi sọ̀rọ̀." Òun náà gbé àga rẹ̀ síta, ó kọjú sí ibi tí odò ti ń wọ òkun. Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn, wọ́n jìnnà síra wọn, wọ́n ń wo ibì kan náà, títí tí ọmọ Ìyá Ọlọ́dà, nọ́ọ̀sì, fi wá mú un lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn apẹja rí Gíga lórí iyanrìn tó wà láàárín omi. Bẹ́líìtì ṣì wà ní ìdí rẹ̀, ìkọ́ ṣí sílẹ̀, ìwé tí ọ̀gá iṣẹ́ ti kọ pé ó bọ́ ọ sì di irọ́ lójú gbogbo ayé. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò wo ibi tí Ìyá Ọlọ́dà dúró sí rárá. Lóṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú náà pe Ìyá Ọlọ́dà láti wá ṣàlàyé. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò bi í pé ta ló kàn, òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn bojú. Wọ́n lé ọ̀gá iṣẹ́ dànù, bẹ́líìtì tuntun méjìlá sì dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní kí Ìyá Ọlọ́dà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbìyànjú, àmọ́ bó bá ti wo ìsàlẹ̀, kò ní lè fi irin sílẹ̀ láti mú burọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń kùn báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kí ẹ̀gbọ́n Gíga tó pè é lórí fóònù.

"Mo gbọ́ ohun tó o sọ níwájú wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"N ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Mo kàn ní kí n jẹ́ kó o mọ̀ pé mo gbọ́ ni."

Láti ìgbà náà, ó máa ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú tí kò ríran wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìgbà mìíràn, àwọn méjèèjì á dákẹ́, fóònù á wà létí wọn, kò ní sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè bóyá ọ̀nà etí odò yẹn ṣì ṣeé rìn, nítorí òun fẹ́ fojú ara òun rí afárá kejì náà.

Ìyá Ọlọ́dà ní ó ṣeé rìn, àmọ́ ó jìn fún àgbà.

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó jìn," ni obìnrin náà wí. Wọn ò tíì dá ọjọ́.