Ibà Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀ Lára Ẹṣin Bàbá Ọkọ Mi

Òórùn koríko tútù àti ìtọ̀ ẹṣin ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ọkọ mi ní Tokpota. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ni mo bí àkọ́bí mi síbẹ̀, tí rédíò ń kọ orin ológun láàárọ̀ lálẹ́. Bàbá ní akọ ẹṣin pupa kan tó máa ń gùn lọ sí yídì lọ́jọ́ ọdún. Ibà á mú ẹṣin náà, èrìgì rẹ̀ á funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú; tó bá yá, á tún máa jẹun, á máa yan. Gbogbo wa á yọ̀. Kó má baà dá wà nínú àìsàn, Bàbá so abo ẹṣin rẹ̀ tó lóyún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àánú ló ṣe é, ọ̀rẹ́ mi.

Dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ akọ náà lọ sí Kútọnu. Nígbà tó padà dé, kò jókòó.

"Bàbá, kòkòrò kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kò ní jáde mọ́. Àwọn ṣọ́jà inú ara ẹṣin ń lé e, kòkòrò náà ń pààrọ̀ aṣọ. Kí wọ́n tó dá a mọ̀, ó ti tún gbógun dé."

"Ṣọ́jà tún ti wọ inú ẹṣin mi? Ṣé ti rédíò kò tó ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ìjà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin fúnra rẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà náà ń bà jẹ́, àti pé eṣinṣin tó bá mu ẹ̀jẹ̀ náà lè gbé àrùn ọ̀hún fún abo. Kò sí oògùn. Pípa ló kù.

"Ẹṣin tó ń jẹun yìí?"

"Ẹ wo abo yẹn, Bàbá."

Bàbá wo ikùn abo náà títí. Ó wá yíjú sí mi, èmi tí mo gbé ọmọ mọ́ àyà. "Ìyàwó, ìwọ tó lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó tú abo, ó ní kí ọkọ mi fà á lọ sí oko wa ní Akpro-Missérété, níbi tí kò sí ẹṣin mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wẹ akọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun, ó sì fà á lé dókítà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ abo wò, ó mọ́, ó sì bímọ. Bàbá kò gun ẹṣin mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sí yídì. Ohun tó kù lọ́kàn mi ni pé ẹṣin yẹn kò ya ọ̀lẹ. Ó jà títí, ìjà náà gan-an ló ń jẹ ẹ́ run. Tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń bi ẹni tí àìsàn ti bá gbé pẹ́ pé kí ló dé tí kò gbìyànjú, n kì í bá wọn dá sí i. Mo máa ń lọ jókòó tì í ni.