Ẹni Tó Dá Mi Lóhùn Látinú Jíìpù

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, oorun ò kùn mí, ibà ò sì ṣe mí. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ àwa èèyàn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò fi iyọ̀ sí i.

Mẹkáníìkì ni mí lẹ́yìn Ọjà'ba. Jíìpù gíga kan ni wọ́n gbé wá. Irin gbọọrọ kan wà tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò méjèèjì pọ̀, kí ó má bàa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ń yà ní kọ́nà. Jíìpù yìí ní bọ́tìnnì níwájú dírẹ́bà: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, irin náà á já sí méjì, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa gun kòtò àti gegele bó ṣe wù ú. Tí ẹ bá tún un tẹ̀, á padà so. Èyí kọ̀, kò so, kò já, iná rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú ni.

Àlàájà kan ló ni ín, opó ni wọ́n. Alàájì ọkọ wọn ló rà á tí wọ́n fi ń lọ sí oko kaṣú lọ́nà Ìsẹ́yìn, kí ọlọ́jọ́ tó dé. Mùtíù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló fẹ́ fi gbé wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí irin yẹn ò bá so dáadáa, tí wọ́n sì sáré dé kọ́nà lórí títì ọlọ́dà, ìyá àtọmọ ló máa lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọ̀sán gangan. Gbogbo ọgbà wa ti lọ kírun, Mùtíù náà ti lọ. Èmi Kìrìsìtẹ́nì ló kù, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó ń pariwo. Àlàájà jókòó sí ìjókòó dírẹ́bà.

Mo tú ibi tí wáyà ti wọ inú irin náà, omi ẹrẹ̀ ti bà á jẹ́. Mo nù ún, mo dá a padà, iná náà dákẹ́. Ká sòótọ́, oúnjẹ ọ̀sán ni mo ti ń rò. Mo ní kí Àlàájà máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti sọ, mo sì wọ abẹ́ mọ́tò lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í pe àgbà lórúkọ. “Ẹ tẹ̀ ẹ́” náà lèèyàn máa sọ. Àṣìṣe mi nìyẹn.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ o!”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

Ohùn ọkùnrin ni. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé Mùtíù ti dé. Irin náà ró kọ̀ọ́ lókè orí mi.

“Ó dáa, tún un tẹ̀.”

“Mo ti tún un tẹ̀.”

Ó tún ró.

“Iná ńkọ́?”

“Iná ti kú. Ṣùgbọ́n kò wọlé tán. Má gbé e fún wọn.”

Inú bí mi. Láti ìgbà wo ni Mùtíù tó ń ta aṣọ ti di ọ̀gá mi? Mo fẹ̀yìn wọ́ jáde kí n fún un lésì.

Kò sẹ́nìkan lórí ìjókòó.

Ẹ̀yìn ọgbà ni mo ti rí Àlàájà tí wọ́n ń bọ̀, omi àlùwàlá ṣì ń kán lápá wọn.

“Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé o ò tíì ṣe tán ni.”

Mo béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú un jáde.

Ẹ gbà mí gbọ́, láìsí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu mọ́tò, bọ́tìnnì yẹn ò lè mi irin kankan.

Mo tú ilé irin náà palẹ̀. Eyín inú rẹ̀ tó yẹ kó gbá apá irin méjèèjì mú ti jẹ, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló fi kọ́ra. Iná ò lè mọ ìyẹn. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e fún wọn nìyẹn o! Ìyẹn gan-an bà mí lẹ́rù ju ohùn náà lọ.

Mo sọ fún Àlàájà pé mọ́tò ò ní lè lọ lọ́la. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi tú ohun tí iná rẹ̀ ti dákẹ́. Mi ò mọ irọ́ pa fún àgbà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó lórí táyà kan, wọ́n sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Ṣé ohùn wọn já gaara?”

“Ó já gaara, Ìyá.”

“Ọ̀fun ló pa Alàájì. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi lè bá mi sọ gbólóhùn kan.”

Omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ti fi eyín mìíràn sí i, jíìpù náà ń lọ, ó ń bọ̀. Àmọ́ bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti pé báyìí, Àlàájà á gbé e dé lọ́sàn-án, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà sílẹ̀ gbayawu.

“Wọ abẹ́ ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni.”

Mi ò tíì gbà. Mi ò mọ̀ bóyá ìkà ni mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ abẹ́ mọ́tò lọ́sàn-án gangan, ẹ máa dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá ń pè, ìbáà jẹ́ àgbà. Ẹ ò mọ ẹni tó máa dá yín lóhùn. Mo ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Àlàájà nìkan ni mi ò rójú sọ ọ́ fún.